Ẹni Tí A Kò Fọwọ́ Kàn Léjìká

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mi ò ní búra sí i, torí ẹni tó fẹ́ purọ́ ló máa ń tètè búra. Ilé Coralee Lundahl àti ilé mi kọjú síra, títì kékeré kan ló là wá láàárín. Mo fojú ara mi rí ọkọ rẹ̀ tó ń jáde lójoojúmọ́ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, nínú ooru Las Vegas tí ajá pàápàá ń sá fún. Èyí tí mi ò rí níbẹ̀, Coralee ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún mi, kì í sì í ṣe obìnrin tó ń fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ dúró sí pápá Marquesa láago méjìlá ọ̀sán. Èmi ò ní bá a lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Keje ló bẹ̀rẹ̀. Coralee ń fọ ife nínú ilé ìdáná. Ó ti fi bébà onírin dí fèrèsé kí oòrùn má bàa wọlé, bí gbogbo wa ti ń ṣe ládùúgbò, nítorí náà inú ilé ṣókùnkùn bí ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn. Ó gbọ́ ìró bàtà lẹ́yìn rẹ̀. Bàtà aláwọ ni, kì í ṣe sálúbàtà. Ó yíjú.

Orrin, ọkọ rẹ̀, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ ṣòkòtò dúdú àti ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ó so aṣọ dúdú pélébé mọ́ ìbàdí, irú èyí tí àwọn tó ń pín káàdì nílé tẹ́tẹ́ máa ń so bo àpò wọn kí wọ́n má bàa ríbi tọwọ́ bọ̀. Ó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́ kedere. Bẹ́ẹ̀ láti bí oṣù mélòó kan, Coralee ló ń bá a de bọ́tìnnì.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ibi iṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo, Orrin? Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni ẹ́."

"Marquesa," ó wí. "Tábìlì keje."

Coralee rọra gbé ife sílẹ̀. Ọdún kẹtàlélógún rèé tí wọ́n ti fi ẹ̀tù wó Òtẹ́ẹ̀lì Marquesa. Àwọn méjèèjì jọ dúró sí òdìkejì títì lọ́jọ́ náà láàárín èrò, wọ́n ń wò ó bó ṣe kúnlẹ̀, tó sì wá dọ̀bálẹ̀. Eruku rẹ̀ wà lára mọ́tò wọn fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, torí Orrin ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ̀ ọ́.

Ẹni tó bá mọ Marquesa nígbà tó wà láyé kò ní fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ogójì ọdún ló fi dúró. Ògiri rẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí inú ìbẹ́pẹ. Ọ̀kín oníná kan wà lórí òrùlé rẹ̀ tó máa ń la ìrù lẹ́yọ ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn awakọ̀ ẹrù sì ń rí i láti ọ̀nà jíjìn nínú aṣálẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn tẹ́tẹ́ rẹ̀, kò sí aago, kò sí fèrèsé. Bí o bá wọlé lọ́sàn-án, òru lo wọ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọ fẹ́ràn òdòdó ọsàn, ó ní kí wọ́n máa da òróró rẹ̀ sínú ẹ̀rọ amúlétutù. Òdòdó ọsàn àti èéfín sìgá, òórùn ìgbà èwe Coralee nìyẹn. Ibẹ̀ ló ti ń gbé ọtí kiri lọ́mọdébìnrin, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí a ṣe ń pín káàdì, ibẹ̀ ló ti pàdé Orrin, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé àwọn àlejò mìíràn á kàn jókòó ti tábìlì rẹ̀ láti wo ọwọ́ náà.

Àrùn ìgbàgbé ti mú Orrin, dókítà sì ti sọ pé ọkàn rẹ̀ á máa padà sẹ́yìn báyẹn, nítorí náà Coralee ò bá a jiyàn. Ó fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò pamọ́ sínú ike ìyẹ̀fun, ó sì wọ yàrá lọ mú fóònù. Nígbà tó fi jáde, Orrin ò sí nílé mọ́. Ó sáré dé ibùdókọ̀. Bọ́ọ̀sì ti lọ.

Àwọn ọlọ́pàá wá a títí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́ lù, Orrin fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn, ó wọlé. Ìta ṣì ń gbóná bí ẹnu ààrò. Coralee fò mọ́ ọn, ló bá rí i pé ara ọkùnrin náà tutù. Kì í ṣe tútù àìsàn. Ó tutù bí ara ẹni tó ti jókòó sínú ẹ̀rọ amúlétutù látàárọ̀. Kò sí eruku lára bàtà rẹ̀. Coralee fi imú kan ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Èéfín sìgá ni. Lẹ́yìn náà, òdòdó ọsàn.

"Ẹsẹ̀ ń dùn mí," Orrin wí. "Wọn ò wá gbà mí."

Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ náà rí kò ní mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Ẹni tó ń pín káàdì kì í kàn kúrò nídìí tábìlì. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi ń dúró, ogún ìṣẹ́jú ló fi ń sinmi, ṣùgbọ́n ẹni tó máa gba ipò rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá dúró lẹ́yìn rẹ̀ kó fọwọ́ kàn án léjìká. Kò gbọ́dọ̀ wẹ̀yìn, torí ojú ò gbọ́dọ̀ kúrò lára káàdì. Á parí èyí tó wà lọ́wọ́, á pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, á yí àtẹ́lẹwọ́ sókè sódò kí àwọn tó ń ṣọ́ni látòkè rí i pé kò mú nǹkan kan lọ, á ní kí orí gbe àwọn àlejò, á sì máa lọ. Kò gbọ́dọ̀ padà kí ogún ìṣẹ́jú ìsinmi rẹ̀ tó pé. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án, ilé ìbáà máa jó, ibẹ̀ ló máa dúró sí.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún lọ. Lọ́jọ́ kẹta, Coralee ti ilẹ̀kùn pa, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn, ó gbé àga, ó sì jókòó ti ilẹ̀kùn náà. Ó ní òun ò sùn. Ó ní òun kàn ṣẹ́jú ni. Èmi wà lójú fèrèsé mi nígbà yẹn, mo rí Orrin tó ń sọ̀ kalẹ̀ lójú títì nínú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Ó tilẹ̀ juwọ́ sí mi. Mi ò rí i kí ilẹ̀kùn wọn ṣí.

Alẹ́ ọjọ́ náà ló mú búrẹ́dì wálé. Búrẹ́dì roboto kékeré kan ni, wọ́n fi bébà ìnuwọ́ wé e, ó sì ṣì ń gbóná. Ọ̀kín wà lára bébà náà, ó la ìrù. Orrin ní wọ́n gbé e wá fún òun lórí ìdúró láti ilé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́, nítorí òun ò ráyè lọ jẹun. Coralee mọ búrẹ́dì náà. Ó fi èékánná ya á, ooru tú jáde, itọ́ kún ẹnu rẹ̀. Ohun tó bà á lẹ́rù jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ó wù ú jẹ. Ó kó o dà sẹ́yìn ilé fún àwọn ẹyẹ. Títí ọ̀sẹ̀ fi parí, ẹyẹ kankan ò fẹnu kàn án, eèrà pàápàá ń yà fún un.

Renae, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wá láti òdìkejì ìlú. Olùkọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ni. Kò fọwọ́ kan káàdì rí láyé rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ ló rí sí ìyẹn. Aláàánú ni, kò sì lè bá ènìyàn sọ̀rọ̀ kó má gbé ọwọ́ lé e lára. Kó tó kí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbé ọwọ́ lé e léjìká.

Ó wo ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ẹkún sì gbọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ náà ti wú dé orúnkún, ó ti dúdú lọ́rùn ẹsẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́, ó sì ti rù kọjá bó ṣe yẹ. Ó bi wọ́n léèrè irú iṣẹ́ tí wọ́n ń fi arúgbó ṣe. Ó ní bó bá ń dúró báyìí lójoojúmọ́, òun ò rò pé á rí òpin oṣù.

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ sílé ìtọ́jú àwọn arúgbó," Renae wí. "Ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà wọn níbẹ̀."

"Ẹ̀ṣọ́ wo ló fẹ́ dá a dúró?"

Renae wò ó. Coralee ò ṣàlàyé. Bó bá ṣàlàyé ilẹ̀kùn, á tún ní láti ṣàlàyé nǹkan mìíràn, èyí tí kò sọ fún ẹ̀dá kankan láti ọdún mẹ́tàlélógún wá.

Orí Coralee dàrú. Nígbà mìíràn á dúró láàárín ilé, kò ní mọ ọdún tí a wà. Ṣé wọ́n wó o lóòótọ́? Ojú rẹ̀ ṣáà ni wọ́n ṣe wó o. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó dá wà nílé, ó tẹ nọ́ńbà fóònù Marquesa, tó ṣì wà lórí rẹ̀ bí orúkọ ìyá rẹ̀. Ó rò pé wọ́n á ní kò sí nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ó ń dún. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ó já a sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé e.

Ìgbà yẹn ló lọ sọ́dọ̀ Manny Quiroz. Manny ni ọ̀gá tó ń ṣọ́ tábìlì wọn ní Marquesa. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó ń dá gbé nínú yàrá kan ní Henderson. Sàdíìnì inú agolo ló ń jẹ nígbà tí Coralee wọlé.

"Ìyàwó wa," ó wí, "o ò wá wò mí tó."

"Ọ̀rọ̀ Orrin ló gbé mi wá. Ó ń lọ síbi iṣẹ́."

Manny ò béèrè iṣẹ́ wo. Ìyẹn ló já Coralee láyà. Ọkùnrin náà fi fọ́ọ̀kì lélẹ̀.

"Ta ló yẹ kó gbà á lọ́jọ́ tí a ti ilẹ̀kùn?"

Coralee wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ mi ni ìwé ètò iṣẹ́ wà."

Òun ni. Òun, Coralee, ló yẹ kó gba tábìlì keje lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ lù. Aago mẹ́fà gan-an ni Marquesa máa tì láéláé. Tọkọtaya náà ti jà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Orrin ní òun á dúró títí dé káàdì tó kẹ́yìn. Coralee ní òtẹ́ẹ̀lì tuntun tó ń gba òṣìṣẹ́ kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Bí àkókò ti tó, ó tú aṣọ ìbàdí rẹ̀, ó sì gba ẹ̀yìn Orrin kọjá lọ sí ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn. Ó rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Ó rí èjìká rẹ̀ tó gbé sókè díẹ̀, bí èjìká ẹni tó ń retí ọwọ́. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé kí ni ogún ìṣẹ́jú. Ó lọ.

"Mo ní kó máa lọ sílé," Manny wí. "Ó ní wọn ò tíì gba òun. Èmi kì í pín káàdì, kò sí lọ́wọ́ mi. Mo paná mọ́ ọn lórí."

"Ó wálé lálẹ́ ọjọ́ náà, Manny. Ó jẹun. Ó tún ṣiṣẹ́ níbòmíràn fún ọdún mẹ́wàá."

"Mo mọ̀. Ṣé o rí i kó pàtẹ́wọ́?"

Kò rí i. Ó bi Manny bóyá bí òun bá lọ fọwọ́ kàn án nísinsìnyí, ó lè bọ́. Manny ní ó lè bọ́.

"Ṣùgbọ́n ìwọ lo ni tábìlì nìyẹn. Ta ló máa wá gbà ọ́?"

"Ìyẹn ṣì ń bọ̀ lọ́nà."

"Gbọ́, Coralee. Má sọ ibi tí ò ń lọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn ọ́ léjìká níbẹ̀ ti gbà á, ó mọ̀ ọ́n o, kò mọ̀ ọ́n o."

Coralee bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Manny wo agolo sàdíìnì náà títí.

"Kì í ṣe Marquesa nìkan ni wọ́n wó nílùú yìí," ó wí. Kò jẹun mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Coralee wọ ṣòkòtò dúdú tirẹ̀. Kò dé ìdí, ó ní láti fi pín-ìnnì há a. Ó tẹ̀lé Orrin wọ bọ́ọ̀sì. Orrin jókòó síwájú, kò wo ẹ̀yìn. Ẹni méjì mìíràn ló wà nínú ọkọ̀, wọ́n ń sùn. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, títì ńlá dákẹ́ nínú oòrùn, kò sí ẹlẹ́sẹ̀ kankan níta. Òru la máa ń bẹ̀rù. Ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún wa pé ọ̀sán náà ní tirẹ̀.

Wọn ò kọ́ nǹkan kan sórí ilẹ̀ Marquesa. Àwọn olówó ń rà á, wọ́n ń tún un tà. Ọgbà wáyà ló yí i ká, òkúta wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀, wọ́n sì fi ṣéènì ti géètì rẹ̀. Orrin kọjá níbi ṣéènì náà bí ẹni pé ó ṣí sílẹ̀. Coralee ní láti fún ara rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wáyà, ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sì ya.

Kò tíì rìn jìnnà tí ariwo mọ́tò fi dákẹ́. Kì í ṣe pé ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó gé. Òkúta ń ró lábẹ́ bàtà rẹ̀, kùrù, kùrù. Lẹ́yìn náà kò ró mọ́. Ilẹ̀ di múlọ́múlọ́, bíi kápẹ́ẹ̀tì tó nípọn. Ó wo ilẹ̀, òkúta náà ló ṣì ń rí. Atẹ́gùn tútù fẹ́ lù ú lẹ́yìn ọrùn. Òdòdó ọsàn.

Orrin dúró láàárín pápá, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Kò sí tábìlì níwájú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà ní ọ̀gangan ìbàdí, wọ́n ń lọ wọ́n ń bọ̀. Kò sí káàdì lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n Coralee ń gbọ́ ọ bó ṣe ń yọ̀ lórí aṣọ tábìlì: fìì, fìì. Orrin á dúró díẹ̀, á wo apá ọ̀tún, á mi orí. Ó ń fún ẹnìkan láyè láti rò ó.

Coralee dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ku ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Ó rí ẹ̀yìn ọrùn náà, tó ti rù, tó ti funfun. Ó rí èjìká náà tó gbé sókè díẹ̀. Ojú tì í débi pé ó fẹ́ padà sẹ́yìn.

"Dárí jì mí," ó wí.

Orrin ò wẹ̀yìn. Coralee na ọwọ́, ó fi ìka méjì kàn án léjìká.

Ó parí èyí tó wà lọ́wọ́. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó yí i sódò. "Kí orí gbè yín o," ó sọ fún àwọn tí Coralee ò rí. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀ kọjá bí ẹni ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹlẹgbẹ́ iṣẹ́.

"O pẹ́," ó wí jẹ́jẹ́, ó sì ń lọ sí géètì.

Kí Coralee tó dá a lóhùn, ọwọ́ tirẹ̀ ti gbé ara wọn sókè. Aṣọ tábìlì wà lábẹ́ wọn.

Oòrùn wọ̀ kí pápá tó jọ̀wọ́ rẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tó dé ilé láago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́, ohun tó rántí kò pọ̀. Ọwọ́ márùn-ún ló rántí, lódìkejì tábìlì. Ọ̀kan ní òrùka. Ọ̀kan ò ní ọmọńdinrín. Kò rántí ojú wọn, torí ẹni tó ń pín káàdì, ọwọ́ ló ń wò.

Orrin ti din ẹyin sílẹ̀ dè é. Ó ti ka ìwé ìròyìn. Ó ti pe Renae lórí fóònù, ó sì ti dárúkọ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí. Ó bi Coralee níbi tó lọ, ó ní òun ti ń wá a. Coralee purọ́ pé òun ti dara pọ̀ mọ́ àwọn ìyá àgbà tó ń lúwẹ̀ẹ́ ní gbọ̀ngàn ìlú. Ó wọ ilé ìwẹ̀ lọ, ó ṣí omi, ó sì sunkún ayọ̀, torí ọkọ rẹ̀ ti padà wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, aago mọ́kànlá kò tíì lù tó ti wà nínú ṣòkòtò dúdú. Kò mọ ìgbà tó wọ̀ ọ́.

Báyìí ló ṣe é fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹsẹ̀ Orrin ń rọlẹ̀, ti Coralee ń wú. Ó rò pé bí Orrin bá ti lágbára tán, òun á wá rí ọgbọ́n kan dá.

Ṣùgbọ́n orí Orrin ti pé nísinsìnyí, orí tó bá sì pé á máa béèrè ìbéèrè. Kò rí ẹ̀wù ìlúwẹ̀ẹ́ tó tutù lórí okùn rí. Ara ìyàwó rẹ̀ ló ń tutù. Ó pe Renae, ó ní kó bá òun ṣọ́ ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Renae wa mọ́tò tẹ̀lé bọ́ọ̀sì. Ó dé ẹ̀yìn wáyà, ó rí ìyá rẹ̀ tó dá dúró sáàárín òkúta nínú oòrùn tó lè pa màlúù, tó ń yí ọwọ́ lófìfo. Ọmọ wo ló máa rí ìyẹn tí kò ní sáré? Ó sáré. Ó sì ṣe ohun tó máa ń ṣe. Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Coralee ò gbọ́ ohùn. Ọwọ́ nìkan ló mọ̀. Kò wẹ̀yìn. Ìtura bá a, ó rò pé ọ̀kan nínú àwọn ará àtijọ́ ló ṣàánú òun. Ó pàtẹ́wọ́, ó yí àtẹ́lẹwọ́, ó ní kí orí gbè wọ́n. Ó rìn lọ sí géètì pẹ̀lú ẹsẹ̀ fífúyẹ́. Ariwo mọ́tò padà, ooru padà, ó wá wẹ̀yìn wò.

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Renae ló dúró láàárín pápá. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà ní ọ̀gangan ìbàdí, ó sì ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn.

Coralee sáré padà wọnú pápá. Òkúta nìkan ló bá, ó ń jó o lẹ́sẹ̀. Ó fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ léjìká, ó fi ìka kàn án, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án, ó gbọ̀n ọ́n. Ara Renae tutù, kò yíjú. Ló bá rántí. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kò gbọ́dọ̀ tíì padà. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ nínú oòrùn, ó ń ka ogún ìṣẹ́jú lẹ́nu, ó ń ṣìkà, ó ń tún un kà. Nígbà tó rò pé ó pé, ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ bàtà rẹ̀. Ó fi ìka méjì kàn án. Renae pàtẹ́wọ́. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, ó yí i sódò, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ rí.

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Renae pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ó bi í bóyá ó ní ṣòkòtò dúdú tó lè gba òun.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Mi ò mọ̀, Mọ́mì," Renae wí.

Nígbà tí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún Orrin, kò jiyàn. Ó lọ dan bàtà rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, ogójì ìṣẹ́jú, ogójì ìṣẹ́jú, ẹni tó bá ń sinmi á jókòó sínú mọ́tò Renae lẹ́bàá wáyà. Manny ò gbé fóònù mọ́. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, ilé ìwé á wọlé, Renae á padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké rẹ̀, bí aago méjìlá bá gbà fún un. Ẹsẹ̀ Orrin ti tún ń wú.

Coralee ló sọ gbogbo èyí fún mi lánàá nínú ìsinmi rẹ̀, nígbà tó fi mọ́tò Renae sáré wá sí ilé ìdáná mi. Mo gbé omi tútù fún un, kò mu ún. Èmi náà ti ṣe iṣẹ́ yẹn rí fún ọdún mẹ́rìnlá, nílé tẹ́tẹ́ mìíràn, ó sì mọ̀. Nígbà tó parí ọ̀rọ̀, ó dìde. Ó wo ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, mo sì rí i pé kì í ṣe ilẹ̀ ló ń wò.

"Ẹsẹ̀ tìrẹ ṣì le," ó wí.

Ó na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ dágbére. Mo sún sẹ́yìn.